Ṣé lóòótọ́ ni pé alẹ́ nìkan ni ewé ń mí?

Ẹnì kan béèrè pé: "Wọ́n ní kò dára kí òdòdó inú ìkòkò wà nínú yàrá aláìsàn mọ́jú, torí alẹ́ ni ewé ń mí, á sì máa bá èèyàn du afẹ́fẹ́. Kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí? Ṣé òótọ́ wà nínú rẹ̀?"

Àṣà kíkó òdòdó jáde lálẹ́ ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, kì í sì í ṣe àròsọ lásán ló bí i. Ní 1779, Jan Ingenhousz, dókítà ará Netherlands, fi hàn pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ewé ti ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, àti pé bí ilẹ̀ bá ṣú, ewé a máa ba afẹ́fẹ́ tó yí i ká jẹ́. Ohun tó rí yẹn tọ̀nà. Ìbẹ̀rù tó ti ibẹ̀ wá ló pọ̀ jù, torí ohun tí ewé ń mí jáde kéré gan-an. Ẹni kan ṣoṣo tó sùn sínú yàrá náà ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì sílẹ̀ ju ti òdòdó inú ìkòkò lọ fíìfíì. Ẹ fi òdòdó yín sílẹ̀ níbẹ̀.

Gbólóhùn "alẹ́ ni ewé ń mí" ló ká mi lára jù. Tọ̀sán-tòru ni ewé ń mí. Lọ́sàn-án, ewé tí oòrùn ń ràn sí dáadáa lè máa fa kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì wọlé ní ìlọ́po mẹ́wàá iye tó ń mí jáde, ìdí nìyẹn tí èémí náà kì í fi í hàn síta. Bẹ́ẹ̀ sì ni èémí ọ̀sán yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti òru.

Lóru, ewé a máa tú sítáàṣì tó kó jọ lọ́sàn-án, á sọ ọ́ di ṣúgà, á sì jó o nínú mitokọ́ńdríà, ẹ̀yà tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń bójú tó èémí. Agbára ló ń wá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìmọ́lẹ̀ ti ń pèsè agbára fún apá aláwọ̀ ewé inú sẹ́ẹ̀lì, mitokọ́ńdríà á sì yí iṣẹ́ padà. Pyruvate dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù (prótéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá) tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ ibi jíjó, á gba èròjà tó ń jẹ́ fọ́síféètì sára, iṣẹ́ rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Àyípo kẹ́míkà tó tẹ̀ lé e kì í tún yí po tán. Apá-apá ló ń ṣiṣẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ ń lo citrate, ásíìdì kan tí ewé ti fi pa mọ́ láti òru, ó ń fi í pèsè kábọ́ọ̀nù tí ewé máa so mọ́ náítírójìn láti ṣe àwọn èròjà prótéènì. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti agbára lóru ti di ti ìpèsè ohun èlò lọ́sàn-án. Ohun ìyanu gbáà ni lójú tèmi.

Ẹ má sì rò pé mitokọ́ńdríà kò wúlò mọ́ fún agbára nígbà náà. Bí wọ́n bá fi oògùn oligomycin díẹ̀ dí i lọ́wọ́ láti ṣe ATP, èròjà tó ń gbé agbára fún iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ oúnjẹ tí ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ á dín kù, torí ṣíṣe ṣúgà nílò ATP yẹn.

Irú ìmí mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ nìkan. Rubisco, ẹ́ńsáìmù tó ń mú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, a máa ṣèèṣì mú ọ́síjìn. Àtúnṣe àṣìmú yìí ló ń gbé glycine, ọ̀kan lára àwọn èròjà prótéènì, wọ mitokọ́ńdríà, ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì àti amóníà ti ń jáde lára rẹ̀.

Bessel Kok, ará Netherlands bákan náà, ló kọ́kọ́ kíyè sí àmì pé èémí ń yí padà bí ìmọ́lẹ̀ bá dé, ní 1948. Bó ti ń fi kún ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú òkùnkùn, iṣẹ́ oúnjẹ kọ́kọ́ ń ga kíákíá, ó sì wá dẹwọ́ lójijì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ti kéré. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ló ń dín èémí kù níbẹ̀. Títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á gan-an.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, èémí ewé á ga fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó rọlẹ̀ sí ti òru. Nítorí náà ni àwọn tó ń wọn èémí òru ṣe máa ń fi ewé sínú òkùnkùn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó kọ iye kankan sílẹ̀.