Kí Ló Gbé Bàálù Dání Lójú Òfurufú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọkàn mi kì í balẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá wọ bàálù, nítorí kò yé mi bí irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń dúró lókè láìsí ohun tó gbé e dání. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé afẹ́fẹ́ tó gba orí apá rẹ̀ máa ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí àwọn méjèèjì lè jọ pàdé lẹ́yìn. Ṣé òótọ́ ni? Bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú lókè, ṣé a kò ní já lulẹ̀ bí òkúta?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń já yín láyà. Bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í já lulẹ̀ bí òkúta, nítorí pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló gbé e dání, afẹ́fẹ́ ni.

A máa ń fojú kéré afẹ́fẹ́ nítorí pé a kì í rí i, bẹ́ẹ̀ ó ní ìwúwo tirẹ̀: ní etí òkun, èyí tó kún inú àpótí tí òró, ìbú àti gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo ju kílógíráàmù 1 lọ. Bí òmùwẹ̀ ṣe ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti omi sísàlẹ̀ kí orí rẹ̀ má bàa rì, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni apá bàálù, tí etí rẹ̀ iwájú ga díẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, ń darí afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń ti apá sókè padà. Òfin tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní 1687 nìyẹn. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ orí apá ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n kò bá ti ìsàlẹ̀ ṣàdéhùn ìpàdé kankan. Ó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ẹ̀yìn apá ni. Ó dùn mí pé àlàyé ìpàdé yìí ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé.

Agbára mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ lára bàálù: ìgbésókè láti ara apá, ìwúwo tí òòfà ilẹ̀ fi ń fà á, ìtìsíwájú láti ara ẹ́ńjìnnì, àti ìfàsẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ fi ń dí i lọ́nà. Nígbà tó bá ń lọ tààrà ní gíga kan náà, tí eré rẹ̀ kò yí padà, ìgbésókè dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo, ìtìsíwájú sì dọ́gba pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn. George Cayley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fín àwòrán agbára wọ̀nyí sára fàdákà pẹlẹbẹ kan ní 1799, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ṣì ń wá apá tí wọn yóò máa jù fìrìfìrì bí ẹyẹ.

Ìtìsíwájú ẹ́ńjìnnì bàálù ńlá tó ń kó èrò kì í sábàá ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ lọ. Kò lè gbé e sókè. Eré nìkan ló ń fún un, apá ló sì ń sọ eré di ìgbésókè. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìgbésókè á di ìlọ́po mẹ́rin.

Bí ẹ́ńjìnnì bá wá kú, awakọ̀ á rẹ imú bàálù sílẹ̀ díẹ̀, ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì máa fún un ní eré. Fún kìlómítà 1 tó bá sọ̀kalẹ̀, ó lè rin nǹkan bíi 15 síwájú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, epo tán nínú bàálù Airbus A330 ti Air Transat lórí òkun Atlantic. Ó rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 láìsí ẹ́ńjìnnì kankan, ó sì balẹ̀ sí erékùṣù Azores; nínú ènìyàn 306 tó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó kú.

Ohun tí awakọ̀ ń ṣọ́ra fún gidigidi ni kí apá má dagun jù sí afẹ́fẹ́ tó ń pàdé rẹ̀. Bí ó bá kọjá nǹkan bíi dígírì 15, afẹ́fẹ́ kò ní lè tẹ̀ lé orí apá mọ́, ìgbésókè á sì dín kù lójijì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ pé kí ó ti imú bàálù sísàlẹ̀ nígbà náà, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ń sọ pé kí ó fà á sókè.

Bí ẹ bá tún wọ bàálù, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí apá. Kí ó tó gbéra, ṣóńṣó apá á rọ̀ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò tẹ̀ sókè, nítorí pé ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ gba ẹrù náà.