Ẹ má tíì ra jẹ́ẹ̀lì yẹn

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ìyá ìkókó. Ẹ ní ọmọ yín pé oṣù méje, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣàà, kì í sùn lóru, ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò sì ní kí ẹ ra jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pa èrìgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á.

Ọmọ mẹ́ta ni mo tọ́ ní Òṣogbo níbí, ẹnìkejì ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó ń lọ sí oṣù mẹ́jọ nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Gbogbo agboolé ní, "Eyín ni." Ìyá ọkọ mi ra àgbo eyín wá láti Ọjà Ọba, èmi náà ra pọ́dà eyín ní kẹ́míìsì. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń retí eyín. Lóru ọjọ́ kẹta mo fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó ti jìn wọnú. Nápí tí mo wọ̀ fún un láàárọ̀ kò tutù rárá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fi ìka kan èrìgì rẹ̀ lókè, ó kàn án nísàlẹ̀, ó wá wò mí lójú: "Mọ́mì, eyín ọ̀hún dà?" Ibà ni, omi ara rẹ̀ sì ti gbẹ. Oṣù kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni eyín àkọ́kọ́ tó yọ.

Eyín lè mú ara ọmọ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í gbé e dé 38 lórí tẹmómítà, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Àmọ́ ìgbà tí eyín ń bọ̀ náà ni ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá ń tán lọ, tó sì ń ki gbogbo ohun tó bá rí bọ ẹnu. Bí àìsàn ṣe ń bá eyín rìn nìyẹn, tí a ó wá di ẹ̀bi rù ú.

Benzocaine, oògùn tó ń mú kí ara má mọ ìrora, ló wà nínú ọ̀pọ̀ jẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn. Lọ́dún 2018, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fi sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara mọ́. Itọ́ gan-an á ti fọ̀ ọ́ lọ kó tó pẹ́. Ti oògùn eyín inú ìgò ńkọ́? Ẹni tó ti gbọ́njú lọ́dún 2008 kò ní gbàgbé oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Diethylene glycol, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀, ló wọ inú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ daṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán 84 ló kú.

Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, tówẹ̀lì ni mo lò. Mo máa ń se tówẹ̀lì kékeré kan, màá rẹ ẹ́ sínú omi sísè tó ti tutù, màá fún omi rẹ̀ dànù, màá ká a sínú ọ̀rá mímọ́, ó di inú fíríìjì. Kì í ṣe fírísà o, torí ohun tó bá dì gan-an lè ṣe èrìgì léṣe. Bí wọ́n bá mú iná lọ (ṣebí ẹ mọ̀ wọ́n), omi sísè inú àmù náà tutù tó. Màá di etí kan mú, òun á máa rún ìyókù, á máa kùn bí ológbò, títí ojú rẹ̀ á fi rọ̀. Lóru, màá gé èékánná, màá fọṣẹ fọwọ́, màá fi ìka rọra tẹ èrìgì níbi tó wú. Ìlẹ̀kẹ̀ eyín tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn, ẹ tú u: ó lè fún un lọ́rùn lójú oorun.

Bí ìrora bá pọ̀, parasitámọ̀ ọmọdé, kí nọ́ọ̀sì fi ìwọ̀n ọmọ ṣírò rẹ̀, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ara ìgò dáadáa! Síróòbù sábà máa ń ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5, ti ẹ̀kán sábà máa ń ní 100 nínú mílílítà 1 péré. Ẹni tó bá wọn ti ẹ̀kán bíi síróòbù ti fún ọmọ ní mílígíráàmù 500 dípò 120 nìyẹn. Ẹ má sì fi ṣíbí ọbẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Lálẹ́ òní, ẹ fi tẹmómítà wò ó. Bó bá dé 38, tàbí kò gba ọmú, tàbí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ má retí eyín kankan. Bí kò bá sí èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ lọ rẹ tówẹ̀lì. Ọjọ́ kan á jọ́kan, ẹ ó máa fi ṣíbí fún un lógì, ẹ ó gbọ́ "kó": eyín ti dé nìyẹn.