Ẹnu tó ń rùn: ẹ fi inú yín sílẹ̀, ẹ wo ahọ́n yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àràárọ̀ ni mò ń fọ eyín, síbẹ̀ ẹnu mi ń rùn. Ọ̀rẹ́ mi ní inú mi ló dọ̀tí. Mo ti lo oògùn ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Kí ni mo tún lè lò tí yóò fọ inú mi mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá oògùn ìyàgbẹ́ yẹn dúró lónìí. Inú yín kọ́ ló ń rùn, ẹnu yín ni. Irú ìbéèrè yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti fọ inú tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun dé ikùn kì í ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó máa ń pa dé ni, àfi tí a bá ń gbé nǹkan mì tàbí tí a bá gùnfẹ̀. Báwo ni òórùn ikùn yóò ṣe wá máa bá ọ̀rọ̀ yín jáde látàárọ̀ dalẹ́? Kódà aayù tí ẹ jẹ lánàá tó ṣì ń rùn lónìí, kì í ṣe ikùn ló ti ń jáde: òórùn rẹ̀ ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń mí i síta. Lóòótọ́, ẹnu ẹni tí omi kíkan máa ń ru wá sí ọ̀fun rẹ̀ lè rùn, ṣùgbọ́n irú wọn kò pọ̀, ìyàgbẹ́ kò sì wo ìyẹn náà. Ohun tí ìyàgbẹ́ ń ṣe ni pé ó ń fa omi kúrò lára. Bí omi ara bá dín kù, itọ́ á gbẹ. Bí itọ́ bá gbẹ, ẹnu á túbọ̀ rùn.

Nínú ẹni 10 tí ẹnu wọn ń rùn, bíi 8 ló jẹ́ pé inú ẹnu gan-an ni òórùn náà ti ń wá, pàápàá ẹ̀yìn ahọ́n àti abẹ́ erìgì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ló sá pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń jẹ àjẹkù oúnjẹ àti awọ ara tó ti kú, wọ́n sì ń tú gáàsì tó ní imí-ọjọ́ nínú jáde, irú èyí tó ń rùn lára ẹyin tó ti bàjẹ́. Itọ́ ló ń ṣan wọ́n dànù. Tí a bá sùn, itọ́ a dín kù, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń rùn láàárọ̀.

Ẹ sọ pé àràárọ̀ lẹ ń fọ eyín, alẹ́ ńkọ́? Fífọ̀ tó ṣáájú oorun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi ìṣẹ́jú 2 fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ẹ tutọ́ rẹ̀ dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu tẹ̀lé e. Ẹ rọra ha ahọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú, kó má ṣe ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ fi òwú ìfọyín wọ àárín eyín lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kì í débẹ̀. Ẹ máa mu omi dáadáa. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jáwọ́. Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, kó yọ ọ́ lálẹ́, kó sì fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ omi ìfọnu inú ìgò kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni. Èyí tó ní chlorhexidine, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò, tilẹ̀ lè sọ eyín di aláwọ̀ ilẹ̀ tí a bá lò ó pẹ́.

N kò tíì yẹ ẹnu yín wò, nítorí náà bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, tàbí tí erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, tí eyín ń mì, ẹ lọ bá dókítà eyín. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó ti le mọ́ eyín ni, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè ṣí i. Àwọn oògùn kan, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń mú ẹnu gbẹ. Ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá ń mí èémí tó ń rùn bí èso, tó ń bì, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ gan-an, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.