Ṣé Èmi Mìíràn Wà Ní Ayé Mìíràn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kọ́ físíìsì ní àwọn onímọ̀ ti gbà pé ayé pọ̀ lọ jàra, àti pé ẹ̀dà kálukú wà níbẹ̀. Ṣé àkúdàáyà ni wọ́n ń sọ ni? (Òǹkàwé kan, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Rárá o. Àkúdàáyà, wọ́n ní èèyàn lè ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ti ẹ̀dà yìí, kò sí ọ̀nà àtipàdé. Hugh Everett, ará Amẹ́ríkà, ló gbé èrò náà jáde ní 1957. Ìṣirò kúáńtọ̀mù, ìyẹn ìṣirò nípa àwọn ohun tó kéré jọjọ, jẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítíróònù kan, ọ̀kan lára àwọn ohun kéékèèké inú átọ́ọ̀mù, gba ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ṣọ́ ọ, ihò kan péré la ó bá a. Everett ní èkejì kò pòórá, ayé ló yà bí ẹ̀ka igi, ẹ̀dà wa sì wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà á. Ọmọ yín bù mọ́ ọn díẹ̀.

Ẹ dán gbígba ọ̀nà méjì yìí wò nílé: ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ó lò dípò ẹ̀lẹ́kítíróònù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fọ́nrán irun ló sì dúró fún ihò méjì. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ fọ́nrán irun orí kan mọ́ àárín ẹnu tọ́ọ̀ṣì lésà pupa, ẹ paná, kí ẹ tàn án sí ògiri tó jìnnà tó mítà 2. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tó tò tẹ̀léra, àlàfo wọn á tó sẹ̀ǹtímítà 2. Bó bá jẹ́ ojú iná kan ṣoṣo lẹ rí, irun ti yẹ̀ kúrò láàárín nìyẹn. Ẹ má tàn án sójú ẹnikẹ́ni! Ní ilé ìwádìí, bí wọ́n tilẹ̀ ń tú ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àmì kékeré kan ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀, síbẹ̀ ìlà yẹn náà ni àwọn àmì náà ń tò sí. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.