Èsì: Ìwé-ẹ̀rí òṣìṣẹ́ kò lè dípò ìfọwọ́sí ibùdó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá ìwé-ẹ̀rí tí àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì ní ibùdó yín ti ní tó láti fi gba ìfọwọ́sí. Kò tó. Ẹni tó jókòó sídìí fóònù ló ni ìwé-ẹ̀rí. Ibùdó lódindi ni wọ́n ń fọwọ́ sí.

International Academies of Emergency Dispatch, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbígba ìpè pàjáwìrì, ló ń fún ibùdó ní ìfọwọ́sí tí wọ́n ń pè ní ACE (Accredited Center of Excellence). Kókó 20 ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ọdún 3 ló sì ń lò kí ẹ tó tún un gbà.

Nínú àwọn kókó náà, àyẹ̀wò ìpè ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí ìpè tí ẹ ti gbà sílẹ̀: ṣé òṣìṣẹ́ béèrè àdírẹ́sì dáadáa? Ṣé ó béèrè bóyá aláìsàn náà ń mí? Bí kò bá mí, ṣé ó kọ́ ẹni tó pè bí yóò ṣe máa tẹ àyà rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dé? Ohun tí ẹ bá rí gbọ́dọ̀ dé etí òṣìṣẹ́ náà, kó má kàn wà nínú fáìlì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí ṣe ìkẹyìn, ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ yan ẹni tí yóò máa ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù rárá.