Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Títan Ìmọ́lẹ̀ Sínú Ìran Géèmù

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ilé àti igbó sínú géèmù, lẹ́tà àwọn òǹkàwé kò dáwọ́ dúró, ohun kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń bi wá: kí ló dé tí ìran tí a fara balẹ̀ kọ́ fi ń rí bí ohun tí kò ní ẹ̀mí? Lójú tèmi, ibi ìmọ́lẹ̀ ni ìdáhùn náà wà ju ibi ilé tàbí igi fúnra wọn lọ. Mo ti ṣa márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà jọ láti dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kọ́ yàrá kan nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo sì gbé e wọ inú Godot, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣe géèmù. Tábìlì, àga, fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan iná mẹ́jọ sí i kí gbogbo nǹkan lè hàn kedere, ńṣe ni yàrá náà dà bí àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara pátákó. Níbo ni mo ti ṣìnà? (Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Iná mẹ́jọ yẹn gan-an ló ba yàrá náà jẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kí ojú wa mọ̀ pé àpótí kan ní igun, tàbí pé ìkòkò kan rí roboto, ni pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, tí òjìji rẹ̀ sì nà sílẹ̀ sí ibi kan pàtó. Bí iná bá ti ọ̀nà mẹ́jọ wá, ọ̀kan á máa pa òjìji èkejì rẹ́, gbogbo ẹ̀gbẹ́ á mọ́lẹ̀ bákan náà, ojú kò sì ní rí ohun tí yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ pa gbogbo iná náà, títí kan ìmọ́lẹ̀ àyíká tí ẹ́ńjìnnì ti lè tàn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí yàrá náà ṣókùnkùn biribiri. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: nínú yàrá yìí, níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá? Ẹ ti ní fèrèsé, a jẹ́ pé oòrùn tàbí ojú ọ̀run ni orísun àkọ́kọ́. Ẹ tan ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, kí ẹ darí rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, kí ẹ sì wò ó pẹ́ kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un. Ẹ ó rí i pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà hàn, tí ìyókù wà nínú òkùnkùn, yàrá náà á sì ti ní ìjìnlẹ̀ tí iná mẹ́jọ kò lè fún un. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fi ìmọ́lẹ̀ kejì kún un, èyí tó rọlẹ̀ dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé ó ń ta padà láti ara ògiri àti ilẹ̀. Èmi kì í fi ẹ̀kẹta sí i, àfi bí mo bá lè fi ẹnu ara mi sọ iṣẹ́ tó wá ṣe níbẹ̀.

Irú iná tí ẹ bá lò tún ṣe pàtàkì. Directional light ni ti oòrùn: nítorí pé oòrùn jìnnà sí wa tó nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà, ìtànṣán rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ìdọ́gba, nítorí náà kò sí ibi tí ẹ gbé e sí nínú ìran tí yóò yí nǹkan kan padà, ibi tí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí nìkan ló ṣe kókó. Point light ni ti gílóòbù tàbí àbẹ́là tó ń tàn yíká, spot light sì ni ti tọ́ọ̀ṣì. Ìmọ́lẹ̀ àwọn méjì yìí máa ń dín kù bó ṣe ń jìnnà, ó sì ń yára dín kù ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ: ohun tó wà ní mítà 2 sí àtùpà máa ń gba ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí ohun tó wà ní mítà 1 ń gbà, èyí tó wà ní mítà 3 sì ń gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí àtùpà kan fi lè mú orí tábìlì mọ́lẹ̀ yòò, tí igun yàrá kan náà á sì ṣókùnkùn. Ẹ má ṣe bẹ̀rù igun yẹn.

Ìdánwò kan wà tí n kì í fi sílẹ̀. Ẹ sọ àwòrán ìran náà di dúdú àti funfun, kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì pa ojú dé díẹ̀ bí ẹni pé oòrùn ń ràn yín lójú. Ibi tí ojú yín kọ́kọ́ lọ ni ibi tí ojú ẹni tó ń gbá géèmù náà yóò kọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ni ẹ fẹ́ kí ó gbà jáde, tí ojú yín sì lọ sórí àga, ìmọ́lẹ̀ yín ti ṣi í lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ kí ìran mi fi ìrọ̀lẹ́ hàn, mo sì sọ oòrùn, ojú ọ̀run àti gbogbo iná rẹ̀ di àwọ̀ ọsàn, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan da ọ̀dà sórí gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. (Ẹni tó fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀, afẹ́fẹ́ tí ìtànṣán rẹ̀ ń là kọjá máa ń pọ̀ ju ti ọ̀sán gangan lọ. Afẹ́fẹ́ náà á ti fọ́n apá búlúù rẹ̀ ká, èyí tó ṣẹ́ kù láti dé ọ̀dọ̀ wa á wá jẹ́ pupa àti àwọ̀ ọsàn. Ṣùgbọ́n ibi tí oòrùn kò bà, ojú ọ̀run òkè ló ń tàn sí i, búlúù sì ni ojú ọ̀run òkè. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà á pọ́n, òjìji rẹ̀ á sì fà sí búlúù. Búlúù inú òjìji yìí gan-an ló ń jẹ́ kí àwọ̀ ọsàn náà móoru lójú wa. Bí ẹ bá mú un kúrò, ojú á mọ́ra sí àwọ̀ kan náà láìpẹ́, kò sì ní kà á sí mọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ́ kí a fi Kelvin (K), òṣùwọ̀n ìgbóná tí a tún fi ń sọ àwọ̀ iná, yan àwọ̀ náà dípò kí a máa fojú díwọ̀n. Iná àbẹ́là wà ní nǹkan bí 1,900 K, gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná ní nǹkan bí 2,700 K, oòrùn ọ̀sán ní nǹkan bí 5,500 K, ibi òjìji lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ gaara sì lè kọjá 7,000 K. Ẹ kíyè sí i pé bí iye náà ṣe ń ga sí i ni àwọ̀ ṣe ń lọ sí búlúù, bẹ́ẹ̀ pupa ni gbogbo wa ń pè ní àwọ̀ gbígbóná. Èyí máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé gíga oòrùn. Bí oòrùn bá wà ní digírì 10 péré sí ilẹ̀, òjìji òpó kan á gùn ju ìlọ́po márùn-ún gíga òpó náà lọ. Mo ti rí ìran ìrọ̀lẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, tí òjìji rẹ̀ sì kúrú bíi ti ọ̀sán, ojú sì kọ̀ láti gbà á gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe géèmù sọ pé ọ̀lẹ nìkan ló ń fi kùrukùru bo iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé yín tipẹ́tipẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ lo kùrukùru láti fi bo àìlágbára ẹ̀rọ. Nígbà tí Silent Hill jáde lórí PlayStation ní ọdún 1999, ẹ̀rọ náà kò lágbára tó láti ya òpópónà ìlú inú rẹ̀ dé òkèèrè, kùrukùru àti òkùnkùn ni wọ́n sì fi bo ibi tí kò lè yà. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi bo àìtó náà ló di ọkàn géèmù ọ̀hún: rédíò kékeré ọwọ́ ẹni tó ń gbá a á máa hó láti kìlọ̀ pé nǹkan wà nítòsí, kò sì ní rí nǹkan náà títí tí yóò fi dé iwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ gidi tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú ìran ni láti sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Leonardo da Vinci, ayàwòrán tó kú ní ọdún 1519, ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé bí òkè bá ṣe jìnnà tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń fà sí búlúù tó, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òkè náà àti ojú wa. Ẹ pín ìran yín sí mẹ́ta lọ́kàn: ohun iwájú tó dúdú tó sì hàn gedegbe, ohun àárín tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá, àti ohun ẹ̀yìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú ọ̀run. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti yàtọ̀ síra, igbó kékeré kan lè dà bí ẹni pé kò lópin.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni kùrukùru aláwọ̀ eérú kan náà tí wọ́n dà sí ibi gbogbo. Kùrukùru kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà á ló ń gbé wọ̀. Apá tí oòrùn wà gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó sì móoru, apá tó kẹ́yìn sí i gbọ́dọ̀ tutù. Ó sì máa ń nípọn nísàlẹ̀ ju òkè lọ, ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ Unreal Engine fi ní èyí tí wọ́n ń pè ní Exponential Height Fog, tó ń fúyẹ́ bí a ṣe ń gòkè. Ní ti ìtànṣán tó ń gba àárín ewé tàbí ojú fèrèsé wọlé bí ọ̀pá, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n eruku tàbí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí ó hàn; bí yàrá yín bá jẹ́ ibi tó mọ́ tónítóní, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ti bí kùrukùru ṣe yẹ kó pọ̀ tó, ẹ fi kún un títí ẹ ó fi rí i dáadáa, kí ẹ wá dín in kù sí ìdajì.

ÌBÉÈRÈ: Gbogbo ẹni tí mo fún ní géèmù mi dán wò ló ń sọ pé àwọn kò rí nǹkan kan ní apá tó jẹ́ òru. Bí mo bá sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un, kì í jọ òru mọ́. (Ẹni tí òru ń dà láàmú)

ÌDÁHÙN: Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó ń gbá géèmù gbọ́dọ̀ ríran nínú òru yín, bó ti wù kí òru náà jinlẹ̀ tó. Oòrùn ọ̀sán tó ń ràn tààrà máa ń tó nǹkan bí 100,000 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń ba ojú nǹkan), òṣùpá àrànmọ́jú kò sì tó lux 1 rárá. Kò sí ojú kọ̀ǹpútà tó lè gbé àlàfo yẹn, nítorí náà, ohun tí yóò mú ojú gbà pé òru ni là ń wá, a kò wá òkùnkùn òru fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo auto exposure, ohun tó ń fúnra rẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ àwòrán sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe bí ojú ènìyàn, tí ẹyin rẹ̀ máa ń là sí i nínú òkùnkùn, tó sì máa ń sún kì nínú oòrùn. Bí ẹ kò bá fún un ní ààlà, yóò rí òru yín, yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, yóò sì sọ ọ́ di ọ̀sán aláwọ̀ eérú; ẹ ó dín iná kù, òun náà á tún gbé e sókè. Ẹ dá a dúró sí iye kan kí ẹ tó fọwọ́ kan iná kankan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe tan ìmọ́lẹ̀ láti iwájú. Ẹ gbé òṣùpá sí ẹ̀yìn ohun tí ẹ fẹ́ kí a rí, kí ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa dán, kí ara rẹ̀ sì wà nínú òkùnkùn. A ó mọ̀ pé ènìyàn ló dúró síbẹ̀ láìrí ojú rẹ̀. Ẹ fi àtùpà kékeré kan sí òkèèrè, níbi tí ẹ fẹ́ kí ẹni tó ń gbá géèmù máa lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta padà ni ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, kì í ṣe búlúù rárá, ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn ojú wa kì í rí pupa dáadáa mọ́ bó ṣe ń rí búlúù, ìdí nìyí tí búlúù díẹ̀, tí àwọ̀ yòókù sì ṣá, fi máa ń jọ òru lójú wa. Ẹ tún yẹ àwọ̀ ara ògiri àti ilẹ̀ wò. Èédú gan-an máa ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bà á padà. Bí ẹ bá kun ògiri ní dúdú pátápátá, kò sí iná tí yóò mú un hàn. Kí ẹ sì dán òru náà wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, nínú yàrá tí ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti gbá a.

ÌBÉÈRÈ: Kọ̀ǹpútà mi ti pẹ́. Ṣé mo lè ṣe ìmọ́lẹ̀ tó dára láìní káàdì àwòrán tó ń ṣe ray tracing, ìyẹn títọpa ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìṣírò? (Òǹkàwé kan)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é. Ọdún 2022 ni Lumen, tó ń ṣírò lójú ẹsẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta láti ara ohun kan sí ara òmíràn, bá Unreal Engine 5 dé, ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni géèmù Quake ti ń fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn dẹ́rù bani. Wọ́n ti ṣírò ìmọ́lẹ̀ ara ògiri sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì fi pamọ́ bí àwòrán tí a ń pè ní lightmap, kí kọ̀ǹpútà má bàa tún un ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí géèmù bá ń lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì bíi Godot, Unity àti Unreal ṣì ń ṣe èyí. Ohun tí kì í kúrò lójú kan ni kí ẹ lò ó fún.

Bí ẹ bá fẹ́ kí géèmù yín máa fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá kan nínú 60 ti ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, inú rẹ̀ sì ni òjìji yóò ti gba tirẹ̀. Iná tó ń ṣe òjìji máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì tún ìran náà yà láti ojú iná ọ̀hún. Point light, nítorí pé ó ń tàn yíká, sábà máa ń gba ìgbà mẹ́fà. Ẹ pa òjìji àwọn àtùpà kéékèèké tó wà lókèèrè, kí ẹ fi ti oòrùn àti ti iná kan tó sún mọ́ ẹni tó ń gbá géèmù sílẹ̀, kí ẹ sì tún wo bí géèmù náà ṣe ń yára tó kí ẹ tó ronú kan ríra kọ̀ǹpútà mìíràn.