Kí wọ́n tó ya àwòrán ilé, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní àwọn olùdókòwò ti gbé àwòrán ilé aláràbarà wá fún ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé létí odò yín, kánsù sì ń kánjú láti tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ wá ń béèrè ohun tó yẹ kí ará ìlú kọ́kọ́ bi wọ́n. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi tí mò ń gbé, ó sì gbà wá ní ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni ó wà nínú ilẹ̀ yẹn, ta ni yóò sì sanwó fífọ̀ ọ́ mọ́? Ìbéèrè yìí ni kó ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwòrán dí yín lójú kí ẹ tó gbọ́ èsì rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kì í kó ẹrù rẹ̀ tán nígbà tó bá ń lọ. Níbi tí wọ́n ti ń fi èédú ṣe gáàsì, ọ̀dà ló máa ń kù sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì, òjé ni. Èyí tó ń já mi láyà jù ni kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ gírísì kúrò lára irin. Epo a máa léfòó lórí omi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú kẹ́míkà yìí wúwo ju omi lọ, nítorí náà rírì ló ń rì gba inú omi abẹ́lẹ̀ kọjá títí yóò fi kan amọ̀ líle, yóò sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èéfín rẹ̀ lè gba ìpìlẹ̀ wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Bí wọ́n bá tún lọ ri òpó ìpìlẹ̀ gba inú amọ̀ yẹn kọjá láìṣe àyẹ̀wò, wọ́n ti lànà fún májèlé láti lọ sísàlẹ̀ sí i nìyẹn. Etí odò wá tún le ju ibòmíràn lọ: omi abẹ́lẹ̀ ń kún, ó ń fà pẹ̀lú odò, ohun tó bá sì bá nínú ilẹ̀ ló ń kó lọ. Ilẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ eérú, ìdàrọ́ àti bíríkì fífọ́ tí wọ́n fi kún etí omi láyé àtijọ́.

Ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá bá àwa sọ pé ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí a wo ibi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, ojú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, níbi tí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ ti lè dé láìsí wàhálà. Bàbá kan tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ló mú wa lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó ní: “Abẹ́ ibí ni tánkì wà. Ibí la sì ń da ìdọ̀tí sí.” A fàáké kọ́rí pé àfi kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Èsì kejì ló lé ilé gbígbé kúrò lórí apá ibẹ̀ nínú ètò wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yín rí nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láyé. Ẹ wá máàpù àtijọ́ pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ náà ta kánsù lọ́rẹ, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní Love Canal ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ta ilẹ̀ tó ti rì májèlé sí fún ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1953, dọ́là kan péré. Wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ síbẹ̀, ilé gbígbé sì yí i ká. Ní 1978, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn kúrò.

Mi ò sọ pé kí ẹ kọ̀ ọ́ o. Ó ṣeé ṣe, ó sì dùn ún wò bó bá yọrí. Ní Duisburg ní Jámánì, iná ìléru ilé-iṣẹ́ irin kan kú ní 1985. Peter Latz, ayàwòrán ọgbà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ìléru náà sílẹ̀ lóòró, wọ́n sì sọ gbogbo ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Èyí tó burú jù nínú ilẹ̀ náà, wọ́n dé e mọ́nú àwọn yàrá kọnkéré àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Odò Emscher tó wà lágbègbè náà ńkọ́? Òpin 2021 ni wọ́n tó yọ omi ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀ tán, lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́. Ní Bilbao ní Sípéènì, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Guggenheim tí wọ́n ṣí ní 1997 ni gbogbo ayé ń pariwo, àmọ́ láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn sínú odò ibẹ̀. Ẹni tó bá ń fi Bilbao ṣe àpẹẹrẹ fún yín, ẹ bi í léèrè apá yẹn.

Ẹ tún béèrè ọ̀rọ̀ odi etí omi, torí ó lè gbé owó mì ju ilé lọ. Bó bá jẹ́ irin ni, ibi tí omi ti ń kàn án tó tún ń gbẹ ló máa ń jẹrà jù, ẹni tó dúró lókè kò sì ní rí i. Kí ó hàn nínú àdéhùn ẹni tó ni ín àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe.

Owó fífọ ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n ti kó o sí àpò ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó wó ògiri kankan, nítorí bí ọjà ilé bá dẹnu kọlẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀nà ẹsẹ̀ etí odò jẹ́ ti gbogbo ìlú títí láé, láìsí géètì, kódà bí wọ́n bá ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá ti tọwọ́ bọ̀wé láìsí ìyẹn níbẹ̀, ó ṣòro gan-an kí ẹ tó rí i gbà padà.